Sílíńdà Kejì: Ọjọ́ Kan Láàrin Adó àti Arámọkọ

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí

Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Adó-Èkìtì. Ní Òkè-Ìlá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ inú Toyota Corolla rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà yí ẹ́ńjìnnì kíá, iná iwájú ọkọ̀ kò rẹ̀wẹ̀sì, àmọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́ra kó tó gbà. Nígbà tó sì gbà, gbogbo ara ọkọ̀ ń gbọ̀n: ìjókòó ń gbọ̀n, dígí ń gbọ̀n. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn. Ó jókòó, ó ń wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná ni gbígbọ̀n náà ń lọ sílẹ̀, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ó gbéra, ó kọrí sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Arámọkọ.

Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ apá àkọ́kọ́ ìtàn yìí. Ìyókù ṣojú mi. Mo tò ó ní wákàtí-wákàtí nítorí pé wákàtí àkọ́kọ́ gan-an la ti máa ń pàdánù jù bí ọkọ̀ bá bàjẹ́: kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é, a ti náwó. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo ọkọ̀ yìí, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti ra kọ́ìlì tuntun kan sí i. Owó oṣù tíṣà ló san gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ kò yéé mísì, ìyẹn ni pé ó ń kùnà láti jó epo rẹ̀ déédéé.

Aago mẹ́fà ààbọ̀

Ọ̀nà Adó sí Arámọkọ gba Ìyìn àti Ìgèdè kọjá, ẹni tó bá sì ti gbà á rí mọ̀ pé ilẹ̀ Èkìtì kì í tẹ́jú pẹ́. Títí dé Ìyìn, ọkọ̀ ń rìn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn Ìgèdè, ó kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, ọkọ̀ kọ̀, ó ń já gìdì-gìdì, agbára rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tó ti dúró jẹ́ẹ́ láti ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò kà sí. Bí iná yẹn bá dúró sójú kan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ pé òun ti rí àléébù kan tó yẹ ká lọ wò. Bó bá ń ṣẹ́jú, ó ń sọ pé epo tí kò jóná ń ṣàn wọ sàlẹ́ńsà lọ́wọ́lọ́wọ́. Epo yẹn á lọ jóná níbi tí kò yẹ, ó sì lè gbóná débi tí inú catalytic converter, ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, yóò fi yọ́. Bẹ́ẹ̀ láti May 2023 tí owó epo ti fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí tíṣà tó lè fojú fo epo tó ń ṣòfò. Ó wa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa á.

Aago méje kọjá

Ẹni kan bá a pe ọ̀dọ́ mẹkáníìkì kan wá láti Ìgèdè. Ọmọ náà yá ọwọ́, ó sì níwà. Ó ní epo tí wọ́n tà fún un ni kò dára. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó fi í bọ ẹnu kọ́ìlì rẹ̀, ó gbé e lé ara irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n kíìkì ọkọ̀. Iná ta pàrà ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, ó mọ́ roro.

“Ẹ wò ó, Àǹtí, iná wà. Epo ni.”

Àyẹ̀wò yìí ti pẹ́ láyé, kò sí ibi tí wọn kì í ti í ṣe é, òun ló sì ti ṣi ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ́nà. Iná tó ta ní gbangba kò sọ nǹkan púpọ̀ fún wa nípa iná tí yóò ta nínú sílíńdà. Nínú ẹ́ńjìnnì Corolla yìí, èyí tí Toyota ń pè ní 1ZZ-FE, písítìnì máa ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ títí wọn yóò fi wà nínú ìdá kan péré nínú mẹ́wàá àyè tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀. Ó ṣòro fún iná láti fo àárín irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Agbára tí yóò nílò ju ti gbangba lọ dáadáa. Bí awakọ̀ bá wá tẹ epo lórí òkè, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á pọ̀ sí i, ìfúnpọ̀ á le sí i, iná á tún fẹ́ agbára sí i. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan náà, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì kan náà, fi lè rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ní Ìyìn kó sì kọṣẹ́ lórí òkè lẹ́yìn Ìgèdè. Ewu tún wà níbẹ̀: ihò tí wọ́n ti yọ púlọ́ọ̀gì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ epo jáde, ẹni tó ń ta iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fi ojú ara rẹ̀ wewu.

Ọmọ náà fẹ́ fa epo inú táǹkì dànù, kó sì ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un lówó ìpè, ó wá tẹ bàbá mẹkáníìkì kan láago ní Adó, ẹni tí ọkọ rẹ̀ máa ń lò tẹ́lẹ̀.

“Tíṣà, ẹ má ra nǹkan kan,” ni bàbá wí. “Ṣé iná yẹn ń ṣẹ́jú báyìí?”

“Rárá o, Bàbá. Ó ti dúró.”

“Ẹ máa bọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá kan òkè. Bó bá tún ṣẹ́jú, ẹ dúró síbẹ̀, màá rán ọmọ wá pàdé yín.”

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀

Ọgbà bàbá wà lójú ọ̀nà Ìyìn, kí èèyàn tó wọ àdúgbò Bàsírì ní Adó. Èmi náà ti débẹ̀. Àwọn Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni bàbá fi kọ́ṣẹ́, ní àkókò tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, ń kó ọkọ̀ jáde sí ojú títì Nàìjíríà. Ó ti dàgbà, àmọ́ ó ṣì ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé àárọ̀ nìkan ló máa ń gbọ̀n? Ṣé bí òjò bá rọ̀ ló máa ń burú sí i? Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ńkọ́? Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù? Kí ni wọ́n ti pààrọ̀, èwo ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, ǹjẹ́ ó sàn fún ọjọ́ bíi mélòó lẹ́yìn rẹ̀? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni kò sí ẹni tó bi í rí. Ẹ̀gbọ́n mi ronú, ó ní lẹ́yìn tí wọ́n fi kọ́ìlì tuntun sí i, ara ọkọ̀ dá ṣáká fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó tún padà sí ìwà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá gbé orí sókè. Ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí jókòó ti bàbá ní ìdajì wákàtí yẹn. Ẹni tí kò bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ti ju ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nù kó tó mú sípánà.

Aago mẹ́wàá

Ríwáyà dé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, òun àti bàbá ló jọ ń ṣiṣẹ́: ti bàbá ni ẹ́ńjìnnì, tirẹ̀ ni wáyà àti kọ̀ǹpútà. Mítà ló kọ́kọ́ lò. Bátìrì ní fólítì 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lọ sókè díẹ̀ lórí 14. Bátìrì dára, ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí i náà dára. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rọ síkáànà bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ ìtọ́kọ̀. Láti ọkọ̀ ọdún 1996, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tí wọ́n bá tà lọ́hùn-ún ní irú ihò kan náà, kó sì máa sọ irú kóòdù kan náà. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà, ohun tí mẹkáníìkì Texas ń kà nínú rẹ̀ ni ríwáyà Adó-Èkìtì náà ń kà.

P0302 ló yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sílíńdà kejì ń mísì. Kọ̀ǹpútà kò fojú rí iná o. Ìyípo ẹ́ńjìnnì ló ń kà. Ní gbogbo ìgbà tí sílíńdà kan bá jó epo rẹ̀, ó máa ń ti ìyípo náà síwájú. Bí ọ̀kan bá kùnà, ìyípo á fà díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á sì rí i. Bẹ́ẹ̀ kóòdù kò sọ ìdí. Sílíńdà lè mísì nítorí iná, nítorí epo, tàbí nítorí pé ìfúnpọ̀ rẹ̀ ti sá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ka kóòdù tán, wọ́n á gbéra lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì.

Bàbá ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ó ń yọ ẹnu wáyà tó ń gbé iná lọ sí ibi tí epo ti ń tú sínú sílíńdà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá a padà. Bó bá yọ ti sílíńdà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n, a jẹ́ pé sílíńdà yẹn kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó yọ ti èkíní, ó gbọ̀n. Ó yọ ti èkejì, ó gbọ̀n. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ara rẹ̀ ti gbẹ, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ìbá sọ níbí yìí pé, “Kò ṣe nǹkan kan mọ́.” Bàbá ní kí gbogbo èèyàn kúrò níwájú ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ bíréèkì sókè, ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, ó fi jíà sí ìrìn, ó sì tẹ epo fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń wá ọ̀nà láti lọ, bíréèkì kò gbà fún un. Lójú ẹsẹ̀ ni gbígbọ̀n àárọ̀ yẹn padà. Bàbá tú epo sílẹ̀. Ó ti gbé òkè wá sínú ọgbà.

Aago mọ́kànlá

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Lórí 1ZZ-FE, kò sí dísítíríbútọ̀, kò sí wáyà gígùn. Púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọ inú kànga tí púlọ́ọ̀gì wà. Bàbá yọ kọ́ìlì sílíńdà kejì, ó fi í sí ti ẹ̀kẹta. Ó mú ti ẹ̀kẹta, ó fi í sí ti èkejì. Ríwáyà pa kóòdù rẹ́. Wọ́n tún tẹ ọkọ̀ mọ́ bíréèkì.

P0303.

Inú ríwáyà dùn, ó sì tọ́ kó dùn. Àìsàn náà tẹ̀ lé kọ́ìlì láti sílíńdà kan dé èkejì. Kò sí nínú epo, kò sí nínú ìfúnpọ̀, kò sí nínú wáyà tó wá láti kọ̀ǹpútà. Láìra nǹkan kan, láàrin ìdajì wákàtí, wọ́n ti mọ ohun tí owó oṣù kò rí.

“Bàbá, kọ́ìlì ni. Ká ra kọ́ìlì.”

“Kọ́ìlì ni lóòótọ́,” ni bàbá dáhùn. “Ṣùgbọ́n ìkejì rèé nínú ihò kan náà. Ta ló pa àkọ́kọ́? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó tan án sínú kànga sílíńdà kejì. Ó ké sí mi kí n wá wò ó. Nísàlẹ̀, yí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ká, epo ẹ́ńjìnnì dúdú ló kún ibẹ̀. Ó wá yí kọ́ìlì náà dé, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀. Rọ́bà ti wú, ó ti rọ̀, ó sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ojú ibi tó sán, àmì funfun tín-ín-rín kan fà wálẹ̀: ọ̀nà tí iná ń gbà sá nìyẹn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà nínú àmì funfun yẹn. Bátìrì ọkọ̀ kò ní ju bíi fólítì 12 sí 14 lọ, èyí kò sì lè fo àlàfo púlọ́ọ̀gì. Nínú kọ́ìlì, wáyà méjì ló wà, èkíní ní ìwọ̀nba ìkó, èkejì sì ní ìkó tó pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí iná bá ń kọjá nínú èkíní, agbára òòfà máa ń kó jọ sínú kọ́ìlì. Bí kọ̀ǹpútà bá já iná náà lójijì, òòfà yẹn á wó, á sì bí agbára tó lé ní fólítì 20,000 sínú èkejì. Ìyẹn ló ń ta ní ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni irú iná bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Agbára tó tó báyìí kò ní sùúrù. Bí omi ló rí, ibi tó bá rọrùn ló ń gbà. Rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì ló ń dè é lọ́nà kó má baà yà. Bí rọ́bà bá ti sán, tí ìfúnpọ̀ inú sílíńdà sì le nítorí òkè, iná á rí i pé ara irin kànga sún mọ́ òun ju ẹnu púlọ́ọ̀gì lọ. Ó yà síbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, tí ọ̀rinrin bá wọ kànga, ó tún rọrùn fún un láti yà. Ìdí nìyí tí àárọ̀ fi máa ń burú jù.

Epo ẹ́ńjìnnì yẹn ńkọ́? Gáásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, tó ń dí etí kànga púlọ́ọ̀gì, ti gbó, ó ti le gan-gan. Epo ń jò gba etí rẹ̀ wọlé. Epo ló ń jẹ rọ́bà. Wọ́n fi kọ́ìlì tuntun sínú epo àtijọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò.

Aago kan ọ̀sán

Bàbá rán ọmọ lọ ra gáásíkẹ́ẹ̀tì àti kọ́ìlì kan. A jókòó sábẹ́ igi, a ń jẹ iyán. Bàbá ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà 504. Kọ́ńtáàtì méjì máa ń wà nínú dísítíríbútọ̀, tó ń ṣí tó ń pa láti já iná kọ́ìlì, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lónìí. Bó bá jóná, wọ́n á fi fáìlì ha á, wọ́n á wọn àlàfo rẹ̀. Bí wáyà púlọ́ọ̀gì bá sán, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń ní kí wọ́n dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì rí iná tó ń jó lára wáyà náà, níbi tó ti ń sá gan-an.

Mo sọ ìtàn Bertha Benz fún ẹ̀gbọ́n mi. Ní August 1888, obìnrin ará Jámánì yìí gbé ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀, Karl Benz, ṣe, láìsọ fún un, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Eugen àti Richard, wọ́n sì gbéra láti Mannheim lọ sí Pforzheim. Ìrìn náà lé ní kìlómítà 100. Kò sí ẹni tó ti fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà epo dí, ó fi píìnì fìlà rẹ̀ là á. Wáyà iná bó, ó fi ìdè ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wé e. Ohun tó ṣe wáyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló ṣe kọ́ìlì ọkọ̀ yìí: ohun tó yẹ kó bo iná mọ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sì pààrọ̀ wáyà náà. Ó wò ó títí ó fi rí ibi tí iná ń gbà sá, ó dí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì òun.

Aago méjì ààbọ̀

Ọmọ dé pẹ̀lú kọ́ìlì méjì, kí bàbá mú èyí tó bá fẹ́: tuntun olówó pọ́ọ́kú, àti Béljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá. Bàbá wo ẹsẹ̀ rọ́bà méjèèjì, ó wọn wọ́n lọ́wọ́, ó mú Béljíọ̀mù. Rọ́bà rẹ̀ ṣì ń nà, kò sì sí àmì lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fa epo inú kànga jáde, wọ́n sì fẹ́ ẹ mọ́ kí wọ́n tó tú púlọ́ọ̀gì, kí ìdọ̀tí má baà bọ́ sínú sílíńdà. Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n ha gáásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, wọ́n fi tuntun sí i. Bàbá wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó ní mílímítà 1.1 ló yẹ kó jẹ́. Ọ̀kan ti sún mọ́ra, bóyá nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìka ni ọmọṣẹ́ fi yí wọn wọlé títí wọ́n fi jókòó, kó tó lo sípánà. Orí ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe irin líle. Ẹni tó bá fipá mú púlọ́ọ̀gì níbẹ̀ á ba ojú ìyí rẹ̀ jẹ́, owó tí yóò ná á yóò sì ju ti kọ́ìlì lọ.

Aago márùn-ún

Bàbá kò gbà kí ẹ̀gbọ́n mi mú ọkọ̀ lọ sílé láìdán an wò. Òun, ríwáyà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọlé, a gba ọ̀nà Ìyìn lọ, a kọjá Ìgèdè, a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Síkáànà wà lórí itan ríwáyà. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ epo. Ọkọ̀ gùn ún láìjá, láìgbọ̀n. Ríwáyà ń ka iye ìgbà tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan mísì: òdo, òdo, òdo, òdo. A yí padà, bàbá ní ká tún un gùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn. Òdo náà ni.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Nígbà tí wọ́n ṣírò owó, páàtì kò tó nǹkan. Owó iṣẹ́ ló jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì san án láìná ọjà. Ó yẹ ká máa san án bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, mẹkáníìkì tó bá fi wákàtí mẹ́ta wá ìdí àìsàn kì í rówó gbà tó ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́. Ẹni tó ń lé owó lórí páàtì ló ń jẹun jù. Tí a bá ń fi owó wa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ báyìí pé wíwá ìdí kò lérè, a ò lè máa kígbe pé wọn kò mọ iṣẹ́.

Bàbá ní kí Tíṣà wo ọ̀pá epo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kó sọ fún àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fún un kí wọ́n má ṣe fọ́n omi sórí kọ́ìlì mọ́. Lẹ́yìn náà ló fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní bírò àti ìwé tó ń lẹ̀. Ọmọ náà kọ déètì, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, gáásíkẹ́ẹ̀tì, kọ́ìlì sílíńdà kejì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó bá tún ṣí ọkọ̀ náà lọ́la yóò ti kọ́kọ́ rí i.